Ṣé kí n fín bẹ́dìláínà sí gbogbo ara píkọ́ọ̀pù mi, àbí ìsàlẹ̀ nìkan?

Akẹ́rù_Kékeré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó fi owó àti agbára mi ṣòfò.

Píkọ́ọ̀pù mi ti pé ọdún 14. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì le koko, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti di nǹkan mìíràn. Ọ̀nà inú igbó ni mò ń gbà lójoojúmọ́. Ẹ̀ka igi ti ha ilẹ̀kùn méjèèjì láti iwájú dé ẹ̀yìn, òkúta tí táyà ń ta sókè sì ti ṣá ìsàlẹ̀ wọn jẹ títí irin fi hàn síta. Ọ̀dà orí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ti òrùlé ń bọ́ bí awọ ejò.

Ẹ mọ bẹ́dìláínà, ọ̀dà nínípọn tó ń gan bíi rọ́bà, tí wọ́n ń fín sínú ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù kí ẹrù má baà ha á. Ọdún mẹ́fà rèé tó ti wà nínú ẹ̀yìn tèmi. Mo ti ju òkúta, irin àti igi lé e lórí, kò mira. Mo wá ń rò ó pé, bó bá lè gba irú ìyà yẹn nínú, kí ló dé tí n kò fi fín in sí ìta náà? Láti òrùlé dé abẹ́ ilẹ̀kùn, dúdú kirikiri.

Ṣé ó máa dúró? Ṣé mo lè fi ọwọ́ ara mi ṣe é? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, kí ni ẹ kábàámọ̀ rẹ̀?

Jẹ́jẹ́_Lọ́nà

Dúdú ní gbogbo ara, nínú oòrùn? Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ kan òrùlé yẹn lọ́sàn-án gangan, ẹ ó pe orúkọ ìyá yín.

Mo ń ṣeré o. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀gá dé, èmi ń wòran.

Ìyá_Awakọ̀

Mo ti ṣe é. Gbogbo ara ni, ó ti lé ní ọdún márùn-ún, nítorí náà ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń gbé e kiri.

Igi kì í ha á mọ́, ìyẹn òtítọ́. Ẹ̀ka á fà á gbuuru bí ẹni ń fi èékánná họ ògiri, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ wò ó, ẹ ó rí ilà funfun kan. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún, ó ti lọ. Òkúta tó ń lu abẹ́ ọkọ̀ pàápàá kò dún gbàgà mọ́, ńṣe ló ń dún bọ̀, bọ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá faṣọ bo ojú ìlù.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni ọ̀rọ̀ fífọ̀. Ojú rẹ̀ rí págunpàgun bí ara ọ̀pọ̀lọ́. Ẹrẹ̀ á wọ gbogbo kòtò kéékèèké yẹn, aṣọ kò sì lè hú u jáde. Ẹ fi táwẹ̀lì nù ún, òwú táwẹ̀lì á fá mọ́ ọn lára káàkiri. Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ ni mò ń lò báyìí, pẹ̀lú ọṣẹ púpọ̀ àti omi tó ń tú jáde tagbáratagbára díẹ̀. Ẹ má sì fi wáàsì kàn án láéláé. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan, funfun rẹ̀ gbẹ sínú àwọn kòtò náà, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni mo fi ń yọ ọ́ títí agara fi dá mi.

Nǹkan kejì ni pé dúdú rẹ̀ ti di eérú. Orí òrùlé àti bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ti bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá fi ìka fà á, ìka mi á dúdú bí ẹni fọwọ́ kan ìdí ìkòkò. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ bà ṣì dára.

Olùkọ́_Kẹ́mísìrì

Ọ̀rọ̀ eérú tí Ìyá sọ yìí nídìí, kì í ṣe àfọwọ́fà ẹni tó fín in.

Polyurethane, irú ike kan, ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dà yìí. Otto Bayer àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló rí ọ̀nà ṣíṣe é ní Jámánì ní 1937. Àwọn mìíràn jẹ́ polyurea, ìbátan rẹ̀, àwọn kan sì jẹ́ àdàlù méjèèjì. Ọ̀nà yòówù kó jẹ́, nǹkan méjì ni wọ́n ń pò pọ̀: rẹ́sìnì, ìyẹn ọ̀dà olómi gan-an, àti isocyanate tí ẹ̀yin ń pè ní hádínà. Bí méjèèjì bá ti pàdé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í so kọ́ ara wọn, ìyẹn ló sọ olómi di rọ́bà.

Hádínà yìí pín sí ọ̀nà méjì. Èyí tí wọ́n ń pè ní aromatic kì í wọ́n, ó le, ó sì ń tètè gan, ṣùgbọ́n oòrùn máa ń já ìsokọ́ra inú rẹ̀. Á ṣá, á sì di lẹ́búlẹ́bú lójú, ohun tó ń kun Ìyá nìka nìyẹn. Èkejì, aliphatic, ń fara da oòrùn. Nínú ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, ta ni yóò wò ó bóyá ó ṣá? Ìta ló lójú tó ń wò ó. Nítorí náà, ẹ ka ìwé tó bá ọ̀dà náà wá kí ẹ tó sanwó. Bí kò bá sọ níbẹ̀ pé aliphatic ni, tàbí pé oòrùn kì í pa á láwọ̀ dà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹ̀yìn ọkọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé aromatic ni ẹ ti rà, ẹ fín ọ̀dà tó ń gba oòrùn lé e lórí.

Páńẹ́lì_Bítà

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bíi pé ọkọ̀ kì í kọlu nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹ̀yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá fi bọ́ńpà gbá ilẹ̀kùn yín, tó tẹ̀ wọnú, ọ̀dọ̀ èmi ni ẹ máa gbé e wá. Kí n tó lè na irin yẹn, kí n tó lè fi fílà, ìyẹn amọ̀ ìdíhò ara ọkọ̀, dí i, mo ní láti dé orí irin. Ọ̀dà lásán, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi ń dé ibẹ̀. Bẹ́dìláínà? Ẹ fi sáńpépà ẹ̀rọ lé e, á gbóná, á rọ̀ díẹ̀, á sì dí ojú sáńpépà pa. Ìbọn atẹ́gùn gbígbóná àti ọ̀bẹ ìfá ni mo fi ń họ ọ́, ìka méjì méjì, odidi ọ̀sán lórí ilẹ̀kùn kan. Bí mo bá sì sọ iye tí mo máa gbà, ẹ ó ní mo ń fi yín jẹun.

Ohun tí kò ní ọ̀nà àbọ̀ ni ẹ fẹ́ ṣe. Kò sí pé ẹ máa yí ọkàn padà lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹ sì dá ọ̀dà tó ń dán padà.

Ẹ tún wo àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti fẹ́ńdà. Mílímítà mélòó kan péré ni. Tí ẹ bá fín in nípọn sí etí méjèèjì, ilẹ̀kùn á máa ha fẹ́ńdà nígbà tí ẹ bá ń ṣí i. Mo ti rí èyí tó gé ara rẹ̀ lẹ́bàá ìsokọ́ ilẹ̀kùn láàárín oṣù kan, omi sì gba ibẹ̀ wọlé.

Jẹ́jẹ́_Lọ́nà

Ṣé kò ní sọ ọkọ̀ di ẹlẹ́rù láìtíì kẹ́rù? Mélòó ló máa fi kún un lára?

Olùkọ́_Kẹ́mísìrì

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé ìta píkọ́ọ̀pù fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 15. Èyí tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ fín kì í sábà ju ìdajì mílímítà lọ. Ìyẹn jẹ́ lítà méje àbọ̀, nǹkan bíi kìlógírámù mẹ́jọ. Ìwúwo ọmọ tó ń rákò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí wọ́n fín in ní mílímítà mẹ́ta bí wọ́n ti ń ṣe sí ilẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ti di lítà 45, ó sì súnmọ́ kìlógírámù 50. Ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì kan tí ẹ ń gbé kiri lójoojúmọ́. Ìta kò nílò irú ìnípọn bẹ́ẹ̀ rárá.

OjúTiRí

Kí n tó kọjá: Akẹ́rù, ẹ sọ pé irin ti hàn nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ṣé ó ti dógùn-ún?

Ẹ fi tèmi ṣọgbọ́n. Abẹ́ ilẹ̀kùn mi ti dógùn-ún díẹ̀, nǹkan tó tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tó bá mi ṣe é ní kò sí wàhálà, bẹ́dìláínà á sé e mọ́bẹ̀, atẹ́gùn kò ní wọlé mọ́, yóò kú fúnra rẹ̀. Ó dùn létí. Ọdún méjì ni ojú rẹ̀ fi dára, àní mo ń fi í yangàn. Ní ọjọ́ kan mò ń fọ ọkọ̀, mo tẹ ibẹ̀, ìka mi rì wọlé. Bẹ́dìláínà ṣì wà pẹ́pẹ́, kò ya, kò bó, ṣùgbọ́n irin ẹ̀yìn rẹ̀ ti di erùpẹ̀ pupa. Rọ́bà nìkan ló ku tó ń ṣe bí ilẹ̀kùn.

Irin tó ti dógùn-ún kì í wá sinmi nítorí pé ẹ bò ó lójú. Ọ̀rinrin ti wà nínú ìdógùn-ún náà tẹ́lẹ̀, ilẹ̀kùn sì ń gba omi láti inú wá, láti etí dígí. Ọ̀dà lásán ì bá ti wú kó fi hàn mí láàárín oṣù díẹ̀. Èyí bò ó láṣìírí.

Akẹ́rù_Kékeré

Ẹ ṣeun gan-an. @OjúTiRí, ó ti dógùn-ún o, níbi mẹ́ta. Mo ti ń rò pé kí n kàn fín in lé e lórí. Ẹ ti gbà mí.

Afínọ̀dà

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ọdún 19 ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ fínfín ọ̀dà, mo sì máa sọ èyí tí kò dùn: fífín bẹ́dìláínà kọ́ ni iṣẹ́. Fífín kì í gbà ju ọ̀sán kan lọ. Ọjọ́ mẹ́ta tó ṣáájú ni iṣẹ́ wà.

Ọ̀dà yìí kì í lẹ̀ mọ́ ohun tó ń dán. Ó kàn máa jókòó lé e ni. Yóò rí dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, títí omi tí wọ́n ń tú tagbáratagbára yóò fi gbé etí rẹ̀ sókè, ẹ ó sì máa bó o bí ẹni bọ́ ìbọ̀sẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó ha á, ẹ má ṣe é ní ìdàkejì. Bí ọ̀rá tàbí wáàsì bá wà lójú ọ̀dà tí ẹ sì gbé sáńpépà lé e, ńṣe ni ẹ ń fọwọ́ ara yín tẹ ọ̀rá náà wọnú ojú ìha. Omi ọṣẹ ni kó ṣáájú. Tó bá ti gbẹ, ẹ fi omi ìnuọ̀rá nù ún pẹ̀lú aṣọ méjì, ọ̀kan tútù tó ń tú ọ̀rá, ọ̀kan gbígbẹ tó ń kó o kí ó tó gbẹ padà sójú ọkọ̀. Lẹ́yìn híha, ẹ tún nù ún bákan náà.

Sáńpépà nọ́ńbà 180 sí 240 ló dára fún ọ̀dà àtijọ́. Ẹ kò ní láti ha á dé irin, ẹ kàn pa dídán rẹ̀ ni. Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ pé ó ti tó: mo ń fẹ̀gbẹ́ tọ́ọ̀ṣì lé ara ilẹ̀kùn kí ìmọ́lẹ̀ sá lórí rẹ̀ gbọọrọ. Ibi tó bá ṣẹ́jú padà sí mi, ibẹ̀ ni yóò ṣí. Orí ilẹ̀kùn kì í ṣòro, apá ń ká a. Igun, abẹ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, ilà tí ilẹ̀kùn tẹ̀ sí, etí fẹ́ńdà, ibẹ̀ ni sáńpépà kì í dé, ibẹ̀ náà sì ni omi ń wá. Kànìnkànìn pupa onírun ike tí àwa afínọ̀dà ń lò ni kí ẹ fi wọ inú wọn.

Fún ìdógùn-ún, ẹ fi ẹ̀rọ ìha họ ọ́ títí irin á fi funfun, kò sí ọgbọ́n mìíràn. Bó bá ti lu, kí Páńẹ́lì_Bítà gé e, kó jó irin tuntun sí i. Lẹ́yìn náà, práímà epoxy, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀. Bọ́ńpà tó jẹ́ ike tí wọn kò kùn rí ń fẹ́ práímà ike tirẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ohunkóhun kò ní lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ tú ohun tó bá ṣeé tú: iná, ọwọ́ ilẹ̀kùn, dígí ẹ̀gbẹ́. Bọ́ńpà tó bá ní ojú ẹ̀rọ tó ń ké nígbà tí ẹ bá ń fẹ̀yìn rìn, ẹ yọ ojú náà kúrò, ẹ má fín in mọ́ ọn, kò ní ríran mọ́.

Ẹ wo abẹ́ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Ihò kéékèèké wà níbẹ̀ tí omi òjò tó gba etí dígí wọlé ń gbà jáde. Ẹ fi igi ìṣáná há wọn lẹ́nu kí ẹ tó fín, kí ẹ yọ wọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gbé ọkọ̀ kan wá bá mi tí ẹnìkan ti dí gbogbo rẹ̀ pa. Bí mo ṣe ṣí ilẹ̀kùn, mo gbọ́ tí omi ń ró gbàlù gbàlù nínú rẹ̀ bíi kèrègbè.

Ní ti ìbéèrè yín gan-an, èmi kò ní fín gbogbo ara. Ìsàlẹ̀ ni: láti ilà àárín ilẹ̀kùn lọ sílẹ̀, etí fẹ́ńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bọ́ńpà méjèèjì. Ibẹ̀ ni òkúta ti ń jẹ ẹ́. Òrùlé àti bọ́nẹ́ẹ̀tì, oòrùn ló ń bá wọn jà, ọ̀dà gidi tó ní kílíà, ìyẹn ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dán, lórí ló sì mọ ìjà yẹn jà jùlọ.

Ìyá_Awakọ̀

Ọ̀gá, ẹ̀ka igi kì í dúró ní ìsàlẹ̀ o. Tèmi ń ha mí títí dé ojú fèrèsé.

Afínọ̀dà

Òótọ́ ni, Ìyá. Ẹni tí igi ń lù lókè kí ó fín òkè. Ẹ̀yin kò ṣe àṣìṣe, ọ̀dà tí wọ́n lò fún yín ni kò bá oòrùn mu.

Akẹ́rù_Kékeré

Mo ti gbà. Ìsàlẹ̀ nìkan. Bẹ́dìláínà Raptor tí iléeṣẹ́ U-POL ń ṣe ni mo rí rà, ìgò mẹ́rin àti hádínà rẹ̀. Ọ̀rẹ́ kan máa yá mi ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa di ìbọn ìfínọ̀dà rẹ̀ mú?

Afínọ̀dà

Ìyẹn, ọ̀dà mẹ́ta sí hádínà ọ̀kan ni. Inú ìgò náà ló ti ní àyè, ẹ da hádínà sí i dé ojú ìlà, ẹ dé e, ẹ mì ín fún ìṣẹ́jú méjì gbáko. Ẹ má po ìgò kejì títí ẹ fi lo àkọ́kọ́ tán, nítorí láàárín nǹkan bíi wákàtí kan yóò ti máa gan mọ́ ọn nínú. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn pípò, ẹ má dé e pa. Atẹ́gùn lè kóra jọ nínú rẹ̀ kó bú.

Atẹ́gùn 40 sí 60 psi (òṣùwọ̀n agbára atẹ́gùn), ìbọn jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 40 sí 50. Bí ẹ bá fẹ́ kí ojú rẹ̀ kúnná, ẹ fi atẹ́gùn kún un, ẹ sún sẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ kó rí págunpàgun, ẹ dín atẹ́gùn kù, ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ dán an wò lára páálí ńlá kí ẹ tó kọjú sí ọkọ̀, ẹ sì rántí bí ẹ ṣe dúró, torí bí apá kan bá kúnná tí ìkejì kò kúnná, ojú á fi yín ṣẹ̀sín.

Ìpele àkọ́kọ́ kó fẹ́lẹ́, kí àwọ̀ àtijọ́ ṣì máa yọjú. Bó bá nípọn jù yóò ṣàn. Ẹ dúró tó wákàtí kan, kí ẹ fín ìkejì. Ẹ yọ tépù tí ẹ fi bo ibi tí ẹ kò fẹ́ fín nígbà tí ìkejì ṣì tútù. Ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé ìyẹn.

Omi lọ̀tá yín. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ń kó ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ jọ, ẹ tú omi ìdí rẹ̀ dànù, ẹ fi àsẹ́ omi sí okùn rẹ̀. Kí Olùkọ́ ṣàlàyé ìdí.

Olùkọ́_Kẹ́mísìrì

Isocyanate kì í yàn ẹni tí yóò so mọ́. Bó bá pàdé omi kó tó pàdé rẹ́sìnì, wọ́n á jọ mú gáàsì carbon dioxide jáde, ọ̀dà á sì yọ èéfóò wẹẹrẹ nínú. Bí ó bá gan tán, èéfóò kọ̀ọ̀kan di ihò abẹ́rẹ́. Nítorí náà kì í ṣe òjò nìkan ni ẹ máa bẹ̀rù. Ìrì tó sẹ̀ sára irin tútù ní ìdájí ń ṣe bákan náà. Ẹ jẹ́ kí irin gbóná ju ibi tí ìrì ti ń sẹ̀ lọ ní ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́sì mẹ́ta ó kéré tán.

OjúTiRí

Ẹnu wa ti wọ ìbọn, a kò tíì mẹ́nu ba imú.

Afínọ̀dà

Ẹ ṣeun tí ẹ rán mi létí, torí ó dùn mí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò gbà pé ìbòmú ń ṣe nǹkan kan. Aṣọ ló fi ń wé imú, gbogbo ọdún rẹ̀ nídìí iṣẹ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lálẹ́. Àyà rẹ̀ á fún, á máa mí fín-ín-fín-ín. Ní báyìí, bí ẹnìkan bá ṣí hádínà ní yàrá kejì, àyà ti fún un. Kò lè wọ ibi iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Hádínà yìí máa ń kọ́ ara lẹ́kọ̀ọ́ burúkú: bí ara bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, èyí tó kéré bí omi abẹ́rẹ́ tó láti dá àìsàn padà.

Ìbòmú oníkáábọ́nù tí púpọ̀ ń lò, ẹ kò lè gbọ́ òórùn hádínà láti mọ̀ pé káábọ́nù rẹ̀ ti kún. Ìbòmú tí ọ̀pá ń gbé atẹ́gùn mímọ́ láti ibòmíràn wá sí ni ohun tó yẹ. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ gbé ọkọ̀ lọ fún ẹni tó ní in, kí ẹ kàn ṣe híha rẹ̀ fúnra yín. Ẹ bo ojú, ẹ bo ọwọ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé wà nítòsí.

Akẹ́rù_Kékeré

Mo ti gbọ́. Mo máa wá ìbòmú náà yá, bí n kò bá rí i, n kò ní fín in.

*(ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)*

Akẹ́rù_Kékeré

Mo ti padà dé, mo sì mú ìròyìn bọ̀.

Híha gba ọjọ́ mẹ́rin, kì í ṣe mẹ́ta. Ibi mẹ́ta tó dógùn-ún, méjì mọ́ funfun, ẹ̀kẹta lu nígbà tí mo họ ọ́, wọ́n jó irin tuntun sí i. Mo rí ìbòmú elétẹ́gùn yá. Fífín rẹ̀ gan-an gba wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀. Ìpele kejì bọ́ sílẹ̀ dáadáa, gbogbo rẹ̀ rí bákan náà, mo dúró mo ń wò ó bí ẹni tó bí àkọ́bí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbàgbé tépù. Nígbà tí mo fi rántí, ó ti gan. Bí mo ṣe ń fà á, ó ń fa etí bẹ́dìláínà pẹ̀lú, etí náà wá rí wọ́jawọ̀ja bí aṣọ tí eku jẹ. Ọ̀bẹ bíléèdì tuntun ni mo wá fi gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ tépù, díẹ̀díẹ̀, tí mo sì ń mú èémí dání. Ó mọ́ níwọ̀nba. Ẹni tí kò bá mọ̀ kò ní rí i. Èmi rí i.

Ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò fi jẹ́ kí omi kàn án kó lè gan dénú. Lánàá ni mo kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, ibi kan sì ṣí lábẹ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Kò ju owó ẹyọ lọ. Kí ló lè fà á? Mo nù ún dáadáa o.

Afínọ̀dà

Èyí tó ṣí yẹn, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ yín? Ẹ yí i padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Akẹ́rù_Kékeré

Mo ti mú un. Iwájú rẹ̀ rí págunpàgun. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bíi dígí, mo rí ojú mi nínú rẹ̀.

Afínọ̀dà

Àwòrán ọ̀dà àtijọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá ti ha ibẹ̀ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ì bá ṣú, ojú ìha ì bá hàn lára rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì yín kò dé abẹ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn.

Akẹ́rù_Kékeré

Ọ̀gá, òótọ́ ni. N kò tú ọwọ́ ilẹ̀kùn yẹn. Skrúù rẹ̀ kò fẹ́ jáde, mo kàn lẹ tépù yí i ká.

Páńẹ́lì_Bítà

Hẹn-ẹn.

Afínọ̀dà

Kò bàjẹ́. Ẹ fi ọ̀bẹ gé etí rẹ̀ títí ẹ fi dé ibi tó lẹ̀ mọ́ gidi, ẹ tú ọwọ́ ilẹ̀kùn náà lọ́tẹ̀ yìí, ẹ ha ibẹ̀ àti etí bẹ́dìláínà tó yí i ká, kí ẹ fín díẹ̀ lé e. Àǹfààní ọ̀dà yìí nìyẹn, ojú rẹ̀ tí kò dọ́gba máa ń bo àlẹ̀mọ́ láṣìírí. Bẹ̀rẹ̀ láti àárín ibi tó ṣí jáde sí ẹ̀gbẹ́, kí ìbọn jìnnà díẹ̀ sí i ju ti àkọ́kọ́.

Ọwọ́ ilẹ̀kùn kejì ńkọ́? Ẹ tú u àbí ẹ lẹ tépù?

Akẹ́rù_Kékeré

Mo lẹ tépù.

Ìyá_Awakọ̀

Má dúró de omi kó tó sọ fún ọ. Tú u lọ́la.